Ẹ Má Bá Ẹni Tó Ra Tíkẹ́ẹ̀tì Jà: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lẹ́nu Géètì Sákọ́ọ̀sì

Bí sákọ́ọ̀sì, ìyẹn ẹgbẹ́ eléré tó ń kó erin káàkiri, bá wọ ìlú yín ní Amẹ́ríkà níbí, tí ẹ sì fẹ́ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn láti fẹ̀hónú hàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn ṣáájú ohun gbogbo: bàbá tàbí ìyá tó fa ọmọ lọ́wọ́, tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ọ̀tá yín.

Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí ni mo fi ń kọ ọ́. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹnì kan láàárín wa fi gbohùngbohùn pe ọkùnrin kan tó gbé ọmọbìnrin rẹ̀ sí èjìká ní ìkà èèyàn. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó yíjú padà, ó sì gbá páálí ọwọ́ onítọ̀hún dànù. Ariwo ta. Fóònù ń ya fídíò lọ́tùn-ún lósì. Ọmọ yẹn di ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mú, ó ń wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn tó ti nawọ́ láti gba ìwé lọ́wọ́ wa ká ọwọ́ wọn kò. Ọlọ́pàá dé. Erin tí wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì so lẹ́sẹ̀ iwájú kan àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, tó ń mi orí sọ́tùn-ún sósì láìsinmi, òun la torí rẹ̀ jáde, òun náà ni ẹnikẹ́ni kò tún rántí lọ́jọ́ yẹn. A padà lọ lọ́jọ́ kejì láìmú gbohùngbohùn dání, ó sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì tí ará ìlú ń fẹsẹ̀ rìn, ti gbogbo ayé ni. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún yín láyè láti dúró síbẹ̀ kí ẹ sọ tẹnu yín, bí ẹ kò bá ti dí ọ̀nà. Ibi ìgbọ́kọ̀sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣeré lè jẹ́ ti oníǹkan, wọ́n sì lè lé yín kúrò níbẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ tó ń fi ààlà hàn sábà máa ń wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ mú un dání. Bí gbogbo yín bá ń dá ọlọ́pàá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ yóò dojú rú. Bí ẹ bá fẹ́ rìn lójú títì gan-an, tàbí kí ẹ lo ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, ìlú púpọ̀ ló ń béèrè ìwé àṣẹ. Ẹ pe ọ́fíìsì ìlú ṣáájú. Ní tèmi o, ẹ fi gbohùngbohùn sílé. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ìdí rẹ̀.

Páálí tí ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ sí, tó fẹ̀ ní ínǹṣì 22, tó gùn ní 28, ti tó. Kí lẹ́tà ga tó ínǹṣì mẹ́ta ó kéré tán, dúdú lórí funfun tàbí lórí yẹ́lò, kí ọ̀rọ̀ má sì ju mẹ́fà lọ, torí ẹni tó wà nínú mọ́tò kò ráyè ka ìtàn. Afẹ́fẹ́ máa ń ká páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò. Ẹ lẹ méjì pọ̀ ní ẹ̀yìn síra wọn. Àwọn ìlú kan kò fẹ́ kí páálí ní igi nídìí, nítorí náà, ọwọ́ ni kí ẹ fi dì í mú. Àwòrán ẹ̀jẹ̀ kò dáa níbi tí ọmọdé wà. Ẹ ya ṣẹ́ẹ̀nì náà, tàbí ọ̀pá onírin ṣóńṣó tó ní ìkọ́ lórí, èyí tí wọ́n ń fi gún erin lẹ́yìn etí níbi tí awọ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ òbí kò rí ọ̀pá yẹn sójú rí.

Ìwé pélébé, ìdajì ojú ìwé kan ti tó. Ẹ dé ibẹ̀ ní wákàtí kan àbọ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn ni èrò máa ń ya dé. Àgbàlagbà lẹ ó na ìwé sí, ẹ má nà á sí ọmọ, kí àwòrán kọjú sókè. Ẹ kí wọn. Ẹ sọ gbólóhùn kan, kí ẹ sì dákẹ́. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tí ẹ bú yóò wọlé láti fi hàn yín pé ẹ kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ kí yóò ka ìwé yẹn lórí ìjókòó nígbà tí erin bá ń fi orí dúró níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ ṣa gbogbo ìwé tó já sílẹ̀.

Ohun tí ẹ bá kọ sínú ìwé yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ tó ṣeé tọ́ka sí. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀, USDA, ló ń fún àwọn sákọ́ọ̀sì ní ìwé àṣẹ lábẹ́ òfin ọdún 1966 lórí ìtọ́jú ẹranko, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń ṣàyẹ̀wò. Àbọ̀ àyẹ̀wò wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi orúkọ sákọ́ọ̀sì náà tàbí nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀ wá a. Ọ̀rọ̀ olùṣàyẹ̀wò gan-an ni kí ẹ dà kọ, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ẹ má fi tiyín kún un.

Kí ẹnì kan máa ya fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má sì di páálí mú. Bí ẹnikẹ́ni bá bú yín tàbí tutọ́ sí yín lára, ẹ fi ìṣísẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ sọ páálí sílẹ̀, ẹ má fèsì. Ẹni tí kò bá lè mú un mọ́ra, kí ó wà nídìí omi àti àpótí ìwé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àwọn èèyàn wa kan máa ń bi mí pé kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ erin nílẹ̀ onílẹ̀, ṣé èmi kì í jẹ ẹran ni? Mò ń jẹ ẹran. Mi ò sì rí bí ìyẹn ṣe ní kí n dákẹ́ lórí àjànàkú tí wọ́n so mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù láti ìlú dé ìlú nítorí eré ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kó parí sẹ́nu géètì. Ìlú Los Angeles dìbò lòdì sí ọ̀pá onírin yẹn, òfin náà sì múlẹ̀ ní 2017. Oakland náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2015, Ringling Bros., sákọ́ọ̀sì ńlá kan, kéde pé àwọn yóò yọ erin kúrò nínú eré, wọ́n sì mẹ́nu ba òfin oríṣiríṣi tí àwọn ìlú ń ṣe. Erin wọn ṣeré kẹ́yìn ní May 2016, sákọ́ọ̀sì náà kógbá sílé ní May 2017, nígbà tó sì padà dé ní 2023, kò mú ẹranko kankan wá. Ìpínlẹ̀ New Jersey àti Hawaii ti fòfin de ẹranko ìgbẹ́ nínú eré báyìí láti 2018, California ṣe tirẹ̀ ní 2019. Torí náà, ẹ forúkọ sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ ìlú yín. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fúnni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì kà á sókè nílé. Ẹ mú ẹ̀dà òfin ìlú mìíràn lọ fún ọmọ ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè rí ohun tí wọn yóò ṣe àwòkọ rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn òbí tó gba ìwé lọ́wọ́ yín lẹ́nu géètì bá gbà láti tẹ̀ lé yín lọ, òun ni kí ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.