Crossword oníṣẹ́ ọwọ́: ibi tí mo bá a dé

Alẹ́ Ọjọ́bọ, Ìperu Rẹ́mọ

Crossword òyìnbó kan tí mo yanjú, eré tí a ti ń dáhùn ìbéèrè, tí a sì ń kọ ìdáhùn sínú àpótí ní ìbú àti òòró, lẹ́tà kan sí àpótí kan, ló kó mi sí wàhálà yìí. Orúkọ iṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀ láti òkè délẹ̀: amòfin tí wọ́n lé nídìí iṣẹ́ ni "disbarred", oníṣẹ́ iná wá ni "delighted". Ṣé inú rẹ̀ ń dùn ni, àbí wọ́n gba iná lọ́wọ́ rẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín, ó sì tún ká mi lára díẹ̀. Àwa tí a ń pa àlọ́ láti kékeré, ṣé a ò lè ṣe irú ẹ̀ ni? Mo gba ìwé gíráàfù ọmọ mi, mo wá pẹ́ńsù, ó di iṣẹ́.

Sátidé

Òfin àwọn ará Amẹ́ríkà le: àpótí 15 ní ìbú, 15 ní òòró; ọ̀rọ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ dín ní lẹ́tà 3; bí o bá dorí ìwé kodò, àwọn àpótí dúdú ò gbọ́dọ̀ kúrò láyè wọn; lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ méjì. Òfin wọ̀nyí ò sí níbẹ̀ nígbà tí Arthur Wynne, ọmọ Liverpool, gbé tirẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn New York World lọ́jọ́ 21 oṣù Kejìlá 1913. Tirẹ̀ rí bíi dáyámọ́ńdì, Word-Cross ló sì pè é. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n ṣe tèmi bó ṣe wù mí.

Ti pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ méjì yẹn, èdè wa ò gbà á. Ẹ to ODE, AWO àti EJA léra wọn. Láàrin, ẹ ó rí D, W, J. Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Rẹ́mọ? Mo bá gba ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n máa ń fi àpótí dúdú la àwọn ọ̀rọ̀ láàrin bí ojú fèrèsé: lẹ́tà kan á dábùú ọ̀rọ̀ míì, èyí tó tẹ̀ lé e ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyẹn náà ní tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ orúkọ iṣẹ́ ìbílẹ̀, fáwẹ̀lì ló fi ń bẹ̀rẹ̀, fáwẹ̀lì ló fi ń parí: alápatà, awakọ̀, apẹja, olóbì. Bí wọ́n bá dábùú ara wọn, fáwẹ̀lì nìkan ni wọ́n ń fún ara wọn. Ẹni tó ń wá ALAPATA, tí òòró fún un ní A mẹ́rin, kí ló fún un? Àwọn iṣẹ́ tó bá òyìnbó wọlé ló gbà mí sílẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. TELO so mọ́ T inú ALAPATA, ó sọ̀ kalẹ̀, L rẹ̀ sì gba inú OLOBI kọjá. DOKITA gbéra láti D inú ODE. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi wá wò ó. Ó ní òun ń wo ọbẹ̀.

GB wọ inú àpótí kan ṣoṣo. Lẹ́tà kan náà ni nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, bẹ́ẹ̀ ni ONIGBAJAMO ṣe di àpótí 9 géérégé.

Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì

Mi ò fi àmì ohùn sórí lẹ́tà, mi ò sì fi àmì kankan sí abẹ́ rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀fẹ̀ wà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyí: "Ó tẹ̀lé Ìjẹ̀bú, ó ṣáájú Rẹ́mọ, ó sì gbé ìbọn wọgbó." ODE ni. Ẹ kàn fi àmì kan ṣoṣo sí i, gbogbo rẹ̀ bà jẹ́. AWAKO náà ń bẹ: "Ẹ má pè é ní ọmọge tó ń wá ọkọ, ó ti ń ti Ṣàgámù bọ̀, ó sì kún fọ́fọ́." Ti alápatà: "Ó ń pa, ó ń tà, ọlọ́pàá sì ń rà." Ti olóbì: "A ń jẹ ọjà rẹ̀, a kì í yó, ẹ wá a lọ sí Sábó Ṣàgámù." Onígbàjámọ̀: "Ó mú abẹ dání, ọba tẹrí ba fún un."

Mo gbé e lọ bá màmá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì ládùúgbò wa. Nígbà tó dé orí "Abẹ́rẹ́ ló fi ń jẹun", kò tiẹ̀ rò ó.

"Nọ́ọ̀sì ni."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ka àpótí rẹ̀."

Ó kà á, ó wo ojú mi, ó ní: "Ìwọ ọmọ yìí, ọgbọ́n àrékérekè ni o fi ń kọ ìbéèrè." Ó kọ TELO, ó sì tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ bí ẹni ń máàkì ìdánwò. Ti apẹja ò wọ̀ ọ́ létí, "Ó dà bí ẹni ń pe ìjà, ṣùgbọ́n àwọ̀n ló gbé lọ." Ó ní ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa ò ní pè é bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ojú ló ń ka crossword, etí kọ́. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Túsìdeè

Mo fẹ́ kí AGBEJORO parí sórí O ìgbẹ̀yìn onígbàjámọ̀. Kò ráyè: ó sún kan T inú DOKITA, dókítà dí amòfin lọ́nà. Mo fi AHUNSO rọ́pò rẹ̀, ìyẹn àpótí 6, ó sì bọ́ síbẹ̀ wẹ́kú. Inú mi tún dùn sí i, nítorí àwọn ìyá tó ń hunṣọ lórí òfì ìdúró ní Ìjẹ̀bú-Òde yẹ kó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀: "Ahun ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, síbẹ̀ òun ló ń daṣọ bò wá." Ẹ jọ̀ọ́ o, kì í ṣe Ìjẹ̀bú ni mo ń bú; Ìjẹ̀bú ni ìyá tó bí mi.

M inú onígbàjámọ̀ ṣì jókòó láìríṣẹ́ ṣe. MEKANIIKI ni mo ní lọ́kàn fún un, ṣùgbọ́n màá ní láti lẹ ìwé mìíràn mọ́ ọ lápá ọ̀tún, I méjì tó sì tẹ̀lé ara wọn yẹn, mi ò tíì mọ ohun tí màá fi dábùú wọn.