Jejuri: mo gun òkè Khandoba nítorí ewì

Swargate ni ẹ ti máa wọ bọ́ọ̀sì ní Pune, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, bí ẹ bá ń lọ sí Jejuri, ìlú òrìṣà Khandoba. Bọ́ọ̀sì ìjọba ni, pupa fòò, gbogbo irin ara rẹ̀ ló ń pariwo. Ọ̀nà náà kò jìn, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 lọ, àmọ́ ẹ máa gun òkè Dive Ghat kí ẹ tó já sí Saswad, kọ́nà ibẹ̀ sì pọ̀ débi pé ẹni tó bá jẹun yó kó tó wọkọ̀ máa kábàámọ̀. Àbúrò mi tó ń kàwé ní Pune ló bá mi lọ.

"Bọ̀dá mi, kí lẹ fẹ́ lọ wò níbẹ̀ gan-an?"

Mo ní ewì ni mo ń tọ̀ lọ.

"Ewì kẹ̀? Nínú oòrùn yìí?"

Ewì ni lóòótọ́. Ní 1976 ni Arun Kolatkar, akéwì ọmọ Íńdíà, gbé ìwé kékeré kan jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó fi orúkọ ìlú náà pè é, Jejuri. Ewì 31 ló wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú òrìṣà, ó rìn káàkiri láàárín ojúbọ àti àwókù ojúbọ, ó wá dúró de ọkọ̀ ojú irin tí yóò gbé e padà sílé. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé yìí ló gba ẹ̀bùn ewì Commonwealth ní 1977. Kolatkar fúnra rẹ̀ ti lọ sí Jejuri ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, òun àti Makarand àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn tó ń jẹ́ Manohar. Àwọn méjèèjì ló wà nínú ìwé náà, ewì kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́ orúkọ wọn.

Bàbá arúgbó kan jókòó kọjú sí wa nínú bọ́ọ̀sì, ó dé fìlà funfun, ó wọ awò. Inú mi dùn kọjá bó ṣe yẹ, nítorí pé bí ewì àkọ́kọ́ inú ìwé náà ṣe rí nìyẹn: alẹ́ ni, wọ́n ti fi tapólì bo fèrèsé bọ́ọ̀sì, èrò kan sì ń wo ojú ara rẹ̀ tó pín sí méjì nínú gíláàsì awò bàbá tó dojú kọ ọ́. Mo na ọrùn, mo ń wá ojú tèmi nínú awò bàbá yìí. Ó rò pé ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò. Ó bu díẹ̀ fún mi.

Kolhapur, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Maharashtra, ni wọ́n ti bí Kolatkar ní 1932. Ó kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní J.J. School of Art ní Mumbai, tí wọ́n ń pè ní Bombay nígbà yẹn, ó sì di ògbóǹkangí nídìí iṣẹ́ ìpolówó ọjà. Iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ ọ. Ewì ò bọ́ ọ, kò sì jọ pé ó retí pé kó bọ́ òun. Nígbà tó fẹ́ tẹ Jejuri, òun àti àwọn akéwì mẹ́ta, Adil Jussawalla, Arvind Krishna Mehrotra àti Gieve Patel, dá owó àti agbára jọ, wọ́n dá ilé ìtẹ̀wé tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Clearing House. Kolatkar ló ń ṣe ẹ̀yìn ìwé wọn, ọwọ́ ayàwòrán ìpolówó sì hàn níbẹ̀.

Ohun tó tún jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé èdè méjì ló fi kọ gbogbo ayé rẹ̀, Marathi tó gbọ́ láti inú ilé àti Gẹ̀ẹ́sì, kò sì fi ọ̀kan ṣe ìránṣẹ́ èkejì. Ìwé Marathi rẹ̀ kan, Bhijki Vahi, gba ẹ̀bùn Sahitya Akademi, ẹ̀bùn ìwé kíkọ pàtàkì ní Íńdíà, ní 2005, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwa tí a máa ń fa aṣọ ya mọ́ra wa lọ́rùn ní Nàìjíríà lórí èdè tó yẹ kí òǹkọ̀wé fi kọ̀wé, ẹ wo ẹni tó ṣe méjèèjì láìtọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká dé Jejuri. Kí ẹ tó rí òrìṣà, ẹ máa rí àwọ̀ yẹ́lò. Ó wà lára òkúta, lára ògiri, lára ajá, nínú irun àwọn ọmọdé. Ìyẹ̀fun ata ilẹ̀ pupa ni, bhandara ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń tà á ní gbogbo ẹsẹ̀ òkè pẹ̀lú àgbọn gbígbẹ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Ẹ óò rà á, ẹ óò gun àtẹ̀gùn òkúta, ẹ óò máa fọ́n ọn sókè bí ẹ ṣe ń lọ, àwọn èèyàn á sì máa kígbe pé "Yelkot Yelkot, Jai Malhar!" Malhar yẹn náà ni Khandoba. Òrìṣà tó ń gẹṣin, tó mú idà dání, tó ṣẹ́gun ẹ̀mí búburú méjì tó ń jẹ́ Mani àti Malla. Ìyàwó rẹ̀ méjì kò wá láti agboolé kan náà: Mhalsa jẹ́ ọmọ oníṣòwò, Banai jẹ́ ọmọ àwọn Dhangar, ìyẹn àwọn darandaran. Nítorí náà, gbogbo ẹ̀yà ló ní ìdí láti pè é ní àna wọn. Àwọn Mùsùlùmí kan pàápàá ń bọ̀wọ̀ fún un, Mallu Khan ni wọ́n ń pè é.

Àwọn tọkọtaya tuntun pọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Àṣà ibẹ̀ ni pé kí ọkọ gbé ìyàwó rẹ̀ gòkè, ó kéré tán àtẹ̀gùn márùn-ún. A rí ọ̀kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì sanra dáadáa, góòlù àti aṣọ ìgbéyàwó tún kún ìwúwo rẹ̀. Ó gbé e. Ní àtẹ̀gùn kejì, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyàwó fi ọwọ́ bo ojú, kì í ṣe ìtìjú, ẹ̀rín ló ń pa á. Àwọn ẹbí ń ka àtẹ̀gùn sókè, ìkẹta, ìkẹrin. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀ lórí ìkarùn-ún, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ló kọ́kọ́ da ata ilẹ̀ lé e lórí, èmi náà sì dà tèmi. Àbúrò mi ya fídíò rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n rí wa, wọ́n ní àfi ká wá bá àwọn ya fọ́tò, ẹbí tí a ò mọ̀ rí sì kó wa sí àárín.

Lókè pátápátá, ìjàpá ńlá kan tí wọ́n fi idẹ bò nà sílẹ̀ níwájú ojúbọ, àwọn obìnrin jókòó yí i ká, wọ́n ń da ata ilẹ̀ sí i lẹ́yìn. Àwọn òpó òkúta tí wọ́n ń gbé fìtílà sí dúró káàkiri. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́.

Síbẹ̀, bí ẹ bá ka ìwé Kolatkar, ẹ óò rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè fún gbogbo èyí. Ẹ̀gbẹ́gbẹ́ ló ń wò. Ó wo àlùfáà tó ń dúró de bọ́ọ̀sì àwọn àlejò, tó ń ro bóyá oúnjẹ aládùn máa wà nínú abọ́ òun lọ́jọ́ yẹn. Ó wo àwókù ojúbọ òrìṣà kan tó ń jẹ́ Maruti níbi tí ajá kan ti bímọ sí. Manohar yọjú wo inú ilé kan, ó rò pé ojúbọ mìíràn ni, ọmọ màlúù ló ń wò ó padà: ibùso màlúù ni. Òrìṣà tí Kolatkar fẹ́ràn jù ni Yeshwant Rao, òkúta dúdú tí wọ́n kùn ní pupa, tí kò lápá, tí kò lẹ́sẹ̀, tó wà níta ẹnubodè níbi tí àwọn ọlọ́jà ń gbé. Àwọn òrìṣà ńlá ń ṣèlérí ọ̀run. Yeshwant Rao kàn ń to eegun fún ẹni tó bá ṣẹ́ lápá ni. Ewì nípa ìyá arúgbó tó di àlejò lápá aṣọ mú, tó ń bèèrè 50 páìsì, owó ẹyọ lásán, ni gbogbo ayé mọ̀ jù, àwọn ọmọ ilé ìwé ń kà á. Lójú tèmi, Yeshwant Rao ju ìyẹn lọ.

Àwọn kan nínú àwọn òǹkọ̀wé Marathi bínú sí ìwé náà. Wọ́n ní ará Bombay tó wá ṣe fàájì ìparí ọ̀sẹ̀ ni Kolatkar, kò nígbàgbọ́, kò lóye. Àlejò lójú, kò fi ríran. Mo ro ẹjọ́ yẹn dáadáa bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, torí àlejò tó ju Kolatkar lọ ni èmi. Mi ò gbà fún wọn. Lóòótọ́, Makarand inú ewì kọ̀ láti bọ́ aṣọ wọlé lọ júbà, ó ní òun á dúró níta mu sìgá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi òrìṣà ṣe yẹ̀yẹ́ kì í farabalẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti wo ilẹ̀kùn tó bàjẹ́. Bó ṣe ń wo nǹkan yẹn, ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀ ju èyí tí mo rí lójú àwọn kan tí wọ́n ń sáré ya fọ́tò níwájú ìjàpá, àbúrò mi kò gbẹ́yìn nínú wọn.

Ojú kan náà ni Kolatkar fi wo Mumbai. Mo ti yà síbẹ̀ kí n tó wá sí Pune, ní Kala Ghoda, àdúgbò tó gba orúkọ lára ère ẹṣin dúdú tí wọ́n gbé ọba Edward Keje lé lórí. Wọ́n ti gbé ọba yẹn kúrò ní 1965, orúkọ kò lọ. Ní 2017 wọ́n gbé ẹṣin mìíràn síbẹ̀, kò sẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Wayside Inn, ilé oúnjẹ tí Kolatkar ti máa ń jókòó ti fèrèsé lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti kógbá sílé. Kò ní tẹlifóònù nílé. Ẹni tó bá fẹ́ rí i mọ ibi tó máa wá. Láti ojú fèrèsé yẹn ló ti ń wo àwọn ajá ìgboro, àwọn agbálẹ̀, ìyá tó ń ta idli, oúnjẹ tí wọ́n ń fi ìrẹsì ṣe, fún àwọn tí kò nílé. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn Jejuri ni kò tẹ ìwé Gẹ̀ẹ́sì kankan. Àìsàn jẹjẹrẹ ló mú kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ìwé méjì jáde ní 2004, Kala Ghoda Poems àti Sarpa Satra. Ó kú ní Pune ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún náà.

Ọkọ̀ ojú irin la fẹ́ wọ̀ padà láti Jejuri, torí bí ìwé náà ṣe parí nìyẹn. Ẹ̀rín ni ewì tó kẹ́yìn pa mí. Ní ibùdókọ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí ọkọ̀ máa dé, aago kò sọ, ajá kò sọ, ọmọ tó ń ta tíì kò sọ. Lẹ́yìn gbogbo ojúbọ tí àlejò wa ti rìn kọjá, ibẹ̀ ló ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́jẹ̀ẹ́: òun á pa ewúrẹ́ níwájú aago, òun á fọ́ àgbọn sórí irin, òun á fi wàrà wẹ ọ̀gá ibùdókọ̀, kí ẹnì kan sáà sọ fún òun ìgbà tí ọkọ̀ ń bọ̀.

Tiwa náà pẹ́. Mo ki ìwé bọ àbúrò mi lọ́wọ́, mo ṣí ewì ilẹ̀kùn fún un: ilẹ̀kùn tó ti yẹ̀, ìdè kan ṣoṣo ló gbé e ró, ì bá sì ti jáde lọ tipẹ́ bí kì í bá ṣe ti ṣòkòtò péńpé tí wọ́n sá sí èjìká rẹ̀. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó tún un kà.

"Ó dùn o. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni ewì, Bọ̀dá mi. Kò sí ìlù nínú ẹ̀, kò sí oríkì, ẹ ò lè fi í kí èèyàn."

Mo ní ṣòkòtò yẹn ni ewì. Ó ní ṣòkòtò ni ṣòkòtò. A jà á títí a fi dé Pune, kò gbà, èmi náà ò gbà, ìwé náà sì wà nínú báàgì rẹ̀ di òní.