Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́

Àjàṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Ọ̀la ni ọjọ́ Ajé. Kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí iṣẹ́ wọn wà ní Kútọnu yóò ti máa wá tàsí ní Ouando, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ àkọ́kọ́ láyé wọn. Ohun tó wà lọ́kàn mi lónìí ni pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yìí ló máa ń sọ bí ìrọ̀lẹ́ wọn yóò ṣe rí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kì í sì í tètè mọ̀. Ohun tí èèyàn bá fi inú rere ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ojúṣe rẹ̀ ló ń dà. Ẹni tó ń dúró di aago mẹ́jọ alẹ́ lójoojúmọ́ nínú oṣù kìíní, tó bá wá kúrò níbi iṣẹ́ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù kẹfà, wọn yóò ní ọ̀lẹ ti ń mú un.

Kí èèyàn tó sọ pé iṣẹ́ ń gba òun lákòókò, kó kọ́kọ́ ṣírò. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ṣe ní ọdún 1998 fi wákàtí 40 sílẹ̀ fún iṣẹ́ lọ́sẹ̀, yàtọ̀ sí iṣẹ́ oko tó ní ìṣirò tirẹ̀. Bí ìsinmi ọ̀sán bá jẹ́ wákàtí kan lójúmọ́, ẹ fi 5 kún un. Àjàṣẹ́ sí Kútọnu kò ju nǹkan bí kìlómítà 30 lọ, ṣùgbọ́n pẹ̀lú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ ṣírò wákàtí kan àbọ̀ fún àlọ, kan àbọ̀ fún àbọ̀: 15 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Oorun wákàtí 8 lóru jẹ́ 56. Ìwẹ̀, oúnjẹ sísè, aṣọ fífọ̀ àti ọjà, wákàtí 3 lójúmọ́, jẹ́ 21. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 137. Ó ku 31.

Wákàtí 31 yìí ni ọkọ tàbí aya, ọmọ, òbí, ọ̀rẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí yóò pín láàárín ara wọn. Ẹni tó ń fi wákàtí méjì kún iṣẹ́ lójoojúmọ́ ti mú 10 nínú rẹ̀. Òde ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, pẹ̀lú ìmúra àti ọ̀nà, mú 8. Ó ku 13 fún odindi ọjọ́ méje. Níbẹ̀ ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gé oorun kù, nítorí pé oorun kì í pe èèyàn lẹ́jọ́ lójú ẹsẹ̀. Lọ́dún 2021, àjọ elétò ìlera àgbáyé àti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé jọ gbé ìwádìí kan jáde: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu rọpárọsẹ̀ rẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ. Wákàtí mẹ́ta àfikún lójúmọ́, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ti gbé èèyàn dé 55.

Àfikún wákàtí kì í sì í ṣe ẹ̀bùn. Láti wákàtí 41 dé 48 lọ́sẹ̀, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó gun orí owó wákàtí. Lẹ́yìn 48, ìdá 35. Ẹ jẹ́ ká fi owó oṣù 104 000 sẹ́fà ṣe àpẹẹrẹ. Wákàtí 40 lọ́nà ọ̀sẹ̀ 52, tí a bá pín in sí oṣù 12, jẹ́ 173 àti díẹ̀. Owó wákàtí kan wá jẹ́ 600. Àfikún wákàtí 10 lọ́sẹ̀ jẹ́ 8 ní 672 àti 2 ní 810, ìyẹn 6 996. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 28 000 sẹ́fà. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ kọ ọjọ́, aago tí ẹ dé, aago tí ẹ lọ, ẹni tó ní kẹ́ ẹ dúró, àti iṣẹ́ tó torí rẹ̀ ní kẹ́ ẹ dúró. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ alábẹ̀wò iṣẹ́ ti ìjọba, àkọsílẹ̀ tí ẹ ṣe lójoojúmọ́ wúwo ju ohun tí ẹ rántí lọ.

Àmọ́ àwa Yorùbá kì í dúró níwájú àgbà ká ní "mi ò ṣe." Ẹni tó bá dá a lásà, àwọn yòókù níbi iṣẹ́ gan-an ni yóò kọ́kọ́ bá a wí. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí ẹ jẹ́ kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ yan èyí tó ṣáájú: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé ìṣirò tí ẹ ní kó jáde lọ́la ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ná, kí n mú èyí?" Ọ̀gá tó ti gbàgbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ yóò rántí. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà yẹn ìpinnu ti tán, ẹ̀yin nìkan ló kù láti rù ú.

Ti fóònù le jù. Ẹni tó bá dáhùn ní aago mẹ́wàá alẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ti sọ fún gbogbo bùró pé òun máa ń wà lójúfò. Bí ó bá jẹ́ ohun tí kò lè dúró, kí wọ́n pè. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn láti ọ̀sẹ̀ kìíní. Èyí tí wọ́n kọ ránṣẹ́, ẹ dá a lóhùn ní àárọ̀, kí ẹ sì fi aago sí i: "Ẹ káàárọ̀ sà, mo rí i. Yóò dé ọwọ́ yín kí aago mẹ́wàá tó lù." Kó sì dé lóòótọ́. Ìgbà tí ìlérí àárọ̀ bá ń yẹ̀ ni wọ́n ń padà sí pípè lálẹ́.

Òde ṣíṣe náà ń fẹ́ ètò, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn ún gbọ́ nílé. Òkú òbí tàbí ìgbéyàwó ọmọ ìyá ẹni, ẹ lọ, ẹ jókòó tán. Ti ìbátan ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ yọjú fún wákàtí kan, tàbí kí ẹ fi owó rán ẹni tó ń lọ. Ẹ ya 10 000 sẹ́fà sọ́tọ̀ fún òde nínú 104 000 yẹn. Tó bá tán, ẹ pè láti kí wọn. Gbèsè aṣọ ẹbí wà lára ohun tó ń lé ọ̀dọ́ lọ wá iṣẹ́ kejì ṣe lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé lọ sí Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, ìṣòro tirẹ̀ yàtọ̀. Ibi iṣẹ́ sún mọ́ ilé tó ń gbé níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹbí jìnnà, ó sì ń fẹ́ máa wálé ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù sàn. Kó fi àwọn òpin ọ̀sẹ̀ yòókù wá ọ̀rẹ́ níbi tó wà. Ẹni tí kò mọ ẹnì kankan nílùú, inú iṣẹ́ ló máa ń sá sí.

Kóńjé, ìyẹn ìsinmi ọdọọdún, ńkọ́? Ọjọ́ iṣẹ́ méjì fún oṣù kọ̀ọ̀kan ni, 24 lọ́dún, lẹ́yìn oṣù 12. Ẹ má dúró di ìgbà tí ó bá rẹ̀ yín tán. Ní oṣù kẹsàn-án, ẹ kọ̀wé, ẹ fi ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí i kí ọ̀gá lè yan ọ̀kan, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí wọ́n buwọ́ lù. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ẹ kọ ojú ìwé kan fún ẹni tí yóò dúró fún yín: iṣẹ́ tó kù, ibi tí fáìlì wà, ẹni tí yóò pè bí nǹkan bá dí. Bí ojú ìwé yẹn kò bá sí, ẹ̀yin ni wọn yóò máa pè láti àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́.