Bí Mo Ṣe Yan Kámẹ́rà DSLR Àkọ́kọ́ Mi fún Ìrìn-àjò Orí Òkè

Nígbà tí ó ku oṣù méjì kí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta gbéra lọ fi ẹsẹ̀ rìn lórí òkè fún ọjọ́ mẹ́rin ni mo pinnu pé mo fẹ́ ra kámẹ́rà DSLR, irú tí ó ní dígí nínú, tí a sì lè pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀. Fóònù ni mo ti fi ń ya àwòrán tẹ́lẹ̀, ó sì ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí oòrùn bá mú gan-an, n kì í rí ohun tí ó wà lójú fóònù mọ́, àfojúbù ni mo sì fi máa ń tẹ̀ ẹ́. Bí ẹyẹ bá bà sórí igi tí ó jìnnà díẹ̀, tóótòòtó dúdú kan ni ó máa ń dà nínú àwòrán. Mo fẹ́ ohun tí ó dára ju èyí lọ, mo sì fẹ́ kọ́ bí a ti ń ya àwòrán ní tòótọ́.

Iye megapixel, ìyẹn iye mílíọ̀nù tóótòòtó (pixel) tí ó para pọ̀ di àwòrán kan, ni mo kọ́kọ́ gbájú mọ́. Mo kọ orúkọ àwọn kámẹ́rà tí àwọn ènìyàn máa ń dárúkọ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sórí ìwé kan, mo sì kọ iye ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nikon D3500, tí ó jáde ní ọdún 2018, ní 24.2; Canon EOS 250D, tí ó jáde ní ọdún 2019, ní 24.1, Pentax K-70 ti ọdún 2016 ní 24.2. Nikon D7500 ti ọdún 2017, tí ipò rẹ̀ ga ju ti D3500 lọ, tí ó sì wọ́n jù ú lọ, 20.9 péré ni tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Bí èyí tí ipò rẹ̀ ga bá lè ní iye tí ó kéré sí ti àwọn yòókù, a jẹ́ pé iye yẹn kọ́ ni ó ń ya kámẹ́rà kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Àwòrán 24 megapixel ní pixel 6,000 ní ìbú àti 4,000 ní òòró, ìyẹn sì tó láti tẹ àwòrán tí ó fẹ̀ tó ìdajì mítà sórí pépà láìsí pé ojú rẹ̀ dàrú. Mo fa ìlà pa gbogbo iye wọ̀nyẹn rẹ́ lórí ìwé mi.

Ohun tí ó wá tún ìpinnu mi ṣe ni ike omi. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń gbé kámẹ́rà kiri ni ó ní kí n má tíì ra ohunkóhun, kí n kọ́kọ́ bu omi sínú ike títí tí ìwúwo rẹ̀ yóò fi bá ti kámẹ́rà tí mo ní lọ́kàn mu, kí n so ó kọ́ ọrùn, kí n sì fi rìn fún wákàtí mẹ́ta. Lítà omi kan jẹ́ kílógíráàmù kan, nítorí náà ìṣirò rẹ̀ kò le. D7500 pẹ̀lú bátìrì àti káàdì inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 720, lẹ́ńsì 18-140mm (bí iye mm bá ti pọ̀ tó ni lẹ́ńsì ń fa ohun súnmọ́ tó) tí wọ́n sábà máa ń tà pọ̀ mọ́ ọn jẹ́ gíráàmù 490, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1,210. D3500 jẹ́ 415, lẹ́ńsì 18-55mm tí ó máa ń bá a wá jẹ́ 205, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 620, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti àkọ́kọ́. Mo gbé ike ńlá lọ́jọ́ Sátidé, mo sì gbé kékeré lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, wákàtí kan ààbọ̀ kò tíì pé tí mo fi bọ́ ike náà kúrò lọ́rùn, tí mo sì sọ ọ́ sínú báàgì ẹ̀yìn mi. Mo dúró lójú ọ̀nà, mo sì rò ó. Kámẹ́rà tí ó bá ti wọ inú báàgì ti di ẹrù lásán, nítorí pé kí ènìyàn tó sọ báàgì kalẹ̀, kí ó tú u, kí ó sì fa kámẹ́rà yọ, ẹyẹ ti fò lọ, ìkùukùu sì ti bo oòrùn. Lọ́jọ́ kejì, mo gbàgbé pé ike kan wà lọ́rùn mi títí mo fi délé.

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni mo fẹ́ máa gbé kámẹ́rà mi sí, tí màá kàn máa sọ̀kalẹ̀ ya àwòrán kí n sì padà wọlé, D7500 ni ǹ bá rà, n kò sì ní kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí ó dára. Ẹsẹ̀ ni a fẹ́ fi rìn, pẹ̀lú oúnjẹ àti aṣọ ìsùn ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn, nítorí náà gíráàmù kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó ń sọ, D3500 ni ọkàn mi sì fà sí.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí mo fi tẹ̀ sí DSLR, nítorí pé ayé kámẹ́rà ti yí padà. Láti ọdún 2020 ni Canon àti Nikon kò ti gbé DSLR tuntun jáde mọ́. Irú tí kò ní dígí nínú, tí wọ́n ń pè ní mirrorless, ni wọ́n gbájú mọ́. Nínú DSLR, dígí kan wà ní ìdàgẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn lẹ́ńsì. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá gba inú lẹ́ńsì wọlé yóò kọ lu dígí yìí, yóò ta sókè, yóò sì tún ta padà lára àwọn dígí mìíràn tí ó wà lókè, títí tí yóò fi dé ojú ẹni tí ó ń yọjú wo inú ihò kámẹ́rà. Nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì, dígí náà á gbéra, ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré inú kámẹ́rà, á ṣí, ìmọ́lẹ̀ á sì bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀ tí ń sọ ọ́ di àwòrán. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ ayé gan-an ni ojú ń rí nínú ihò yẹn, kì í ṣe àwòrán orí sìkíríìnì, bí oòrùn bá sì ti ń mú sí i ni ohun tí à ń wò ń mọ́lẹ̀ sí i. Èyí nìkan ti tó ìdí fún èmi tí ojú fóònù ti ń ṣókùnkùn mọ́ lọ́wọ́ nínú oòrùn.

Ìdí kejì ni bátìrì. Wíwo inú ihò yẹn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ iná rárá. Ìwọ̀n CIPA tí àwọn tí ó ń ṣe kámẹ́rà jọ ń lò fún D3500 ní àwòrán 1,550 lórí bátìrì kan, ó fún Canon 250D ní 1,070, ó sì fún Canon 2000D ní 500, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mirrorless kékeré kò tó 500 yẹn pàápàá. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin tí a kò ní rí iná mànàmáná, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ẹ fi sọ́kàn pé bí ẹ bá ń fi sìkíríìnì ẹ̀yìn ya àwòrán dípò ihò, bátìrì náà yóò tètè tán.

Canon 250D bá mi jà díẹ̀. Sìkíríìnì rẹ̀ ń ṣí, ó sì ń yí sí ibi gbogbo, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè gbé kámẹ́rà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó kékeré kan kí ó sì máa wò ó láti òkè, nígbà tí ti D3500 lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ tímọ́tímọ́. Gíráàmù 449 ni ó jẹ́, ìyẹn kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju tèmi lọ. Ohun tí ó dá mi dúró ni pé nígbà tí mo di méjèèjì mú, ibi ìdìmú D3500 jìn ju ti èkejì lọ, gbogbo ìka mi sì rí ààyè gbà lórí rẹ̀. Ọwọ́ mi tóbi. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré lè rí i lọ́nà mìíràn, ìdí nìyẹn tí n kò fi rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni ra kámẹ́rà tí kò tíì dì mú rí.

Ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì ni mo lo àkókò lé lórí jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ara kámẹ́rà lè yí padà lọ́dún díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n lẹ́ńsì ni ènìyàn máa ń bá gbé. Sẹ́ńsọ̀ inú àwọn kámẹ́rà tí mo ti dárúkọ yìí kéré sí fíìmù àtijọ́ tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 36 lọ́nà 24, èyí ni ó fi jẹ́ pé, kí a tó lè fi wé ti fíìmù yẹn, iye mm ara lẹ́ńsì nínú Nikon àti Pentax ni a ó sọ di ìlọ́po 1.5, tí ti Canon sì jẹ́ 1.6. Lẹ́ńsì 18-55mm tèmi wá ń rí bí 27 sí nǹkan bí 82. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó láti gba àfonífojì àti ọ̀run lókè rẹ̀, ìparí rẹ̀ sì dára fún ojú ènìyàn, ṣùgbọ́n kò lè fa ẹyẹ súnmọ́ tòsí. Lẹ́ńsì 70-300mm tí ó bá D3500 mu jẹ́ gíráàmù 415, ìyẹn ni pé yóò dà bí ẹni pé mo gbé kámẹ́rà kejì dání. Mo ro èyí fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo sì fi í sílẹ̀. Ó dùn mí nítorí àwọn ẹyẹ. Dípò rẹ̀, mo ra lẹ́ńsì 35mm f/1.8 (bí nọ́ńbà ẹ̀yìn f bá ti kéré tó ni ihò inú lẹ́ńsì ń fẹ̀ tó), gíráàmù 200 péré, tí kì í súùmù rárá, ṣùgbọ́n tí ihò rẹ̀ fẹ̀ dé ibi pé ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà wọlé ní f/1.8 tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí lẹ́ńsì 18-55mm ń gbà nígbà tí ó bá wà ní f/5.6. Fún ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, àti fún ìdí iná tí a dá síwájú àgọ́, n kò rí ohun tí ó dà bí i rẹ̀.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ra Nikon mọ̀. Ìdè tí Nikon fi ń so lẹ́ńsì mọ́ DSLR ti wà láti ọdún 1959, nítorí náà lẹ́ńsì àtijọ́ pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n sì lè fẹ́ ta á tàbí kí wọ́n fi ta ènìyàn lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n kò sí mọ́tò tí ń yí lẹ́ńsì nínú D3500, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú D5600; lẹ́ńsì tí ó ní mọ́tò tirẹ̀ nínú, irú èyí tí Nikon kọ AF-S tàbí AF-P sí lára, nìkan ni yóò máa wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ lórí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kan fún mi ní lẹ́ńsì AF-D kan, irú tí kò ní mọ́tò nínú, tí ó mọ́ tónítóní, ó wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni mo ní láti fi máa yí i. Lọ́dọ̀ Canon, inú lẹ́ńsì EF ni mọ́tò ti wà láti ọdún 1987 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ní DSLR Canon tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré, bíi 250D, lè lo EF àti EF-S, èyí tí wọ́n ṣe fún sẹ́ńsọ̀ kékeré, láìbẹ̀rù.

Òjò ni ibi tí kámẹ́rà tí mo yàn kù sí. D7500 àti K-70 ní rọ́bà tí ń dí omi àti eruku ní oríkèé ara wọn, D3500 kò ní. Bí ìrìn-àjò mi bá jẹ́ ti àkókò òjò, Pentax ni ǹ bá mú pẹ̀lú lẹ́ńsì WR tí ń dí omi, kí n sì fara da gíráàmù 688 rẹ̀, nítorí kámẹ́rà tí ó dí omi kò wúlò bí lẹ́ńsì iwájú rẹ̀ kò bá dí i. Àkókò ọ̀gbẹlẹ̀ ni a lọ. Mo kó àpò ọ̀rá tí ń sé pinpin mẹ́ta dání, wọ́n sì wúlò fún ohun méjì: fún òjò òjijì, àti fún òwúrọ̀ tí òtútù bá mú, nítorí pé bí kámẹ́rà tútù bá bọ́ sínú ooru lójijì, omi yóò yọ lára rẹ̀ nínú lóde, bí ó bá ti wà nínú ọ̀rá tí a sé, ara ọ̀rá ni omi náà yóò yọ sí.

Kámẹ́rà tí ẹlòmíràn ti lò rí ni mo rà. Mo ní kí olùtà fi àwòrán JPEG kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yà ránṣẹ́ sí mi láìtún un ṣe, nítorí pé iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí máa ń wà nínú fáìlì irú àwòrán Nikon bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ya ojú ọ̀run tí kò ní ìkùukùu ní f/16, mo sì wá àmì dúdú lórí rẹ̀. Eruku orí sẹ́ńsọ̀ kì í hàn ní f/4, ṣùgbọ́n f/16 kì í fi bò. Àmì méjì ni mo rí, afẹ́fẹ́ láti inú rọ́bà ìfẹ́-eruku sì gbá wọn kúrò.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ṣẹ́ kù, mo ń gbé e jáde láràárọ̀. Mo yí i sí RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì sọ di JPEG tí ó wọ́pọ̀, nítorí pé níta, ọ̀run máa ń mọ́lẹ̀ jù, ilẹ̀ á sì ṣókùnkùn jù. JPEG ní ipele 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, RAW inú D3500 sì ní 4,096, ìyẹn sì fún mi láyè láti fa ilẹ̀ jáde kúrò nínú òkùnkùn lẹ́yìn tí mo bá délé. Mo tún kọ́ láti wo etí àwòrán, nítorí nǹkan bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń gbà ni ihò D3500 ń fi hàn, ẹ̀ka igi tí n kò rí sì máa ń yọjú wọlé láti ẹ̀gbẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta lórí òkè, ìkùukùu dùbúlẹ̀ sínú àfonífojì nísàlẹ̀ wa, oòrùn kò sì tíì yọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣì ń ká àgọ́. Kámẹ́rà wà lọ́rùn mi pẹ̀lú lẹ́ńsì 35mm lójú rẹ̀, mo gbé e sójú, mo rí ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ eérú tí ó ń yí di pupa díẹ̀díẹ̀ nínú ihò náà, mo sì tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Bátìrì tí mo fi gbéra nílé ṣì ni ó wà nínú rẹ̀.