Kí ló pa èmi àti dọ́là pọ̀?

Ọjọ́rú. Òjò rọ̀ láàárọ̀, aṣọ ò gbẹ. Mo lọ kó ẹrù àdìrẹ n'Ítòkú, l'Abẹ́òkúta níbí, mo fi í ránṣẹ́, mo padà sílé. Ẹ má bi mí nípa òrùlé, káfíńtà ò tíì yọjú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gba ọjọ́ náà mọ́ mi lọ́wọ́, èmi kọ́ ni wọ́n sì ń bá wí. Ìyá aláró kan nísọ̀ tó tẹ̀ lé ibi tí mo dúró sí ni, pẹ̀lú ọmọkùnrin tó ń gbé sódà tí wọ́n fi ń po aró wá fún wọn. Ọmọ náà ní sódà tún ti gbówó lórí, kí wọ́n má bínú, dọ́là ló fà á. Ìyá ń fi ìyẹ́ adìẹ fa ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun, aró ti sọ èékánná wọn di dúdú. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, “Kí '86 tó dé, kí ló pa èmi àti dọ́là pọ̀?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá sanwó, wọ́n béèrè bóyá ìyàwó ẹ̀ ti bí, ọ̀rọ̀ tán. Kí n tó dé Sápọ́n, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi.

Wọn ò tíì bí mi lọ́dún yẹn. Ohun tí mo kà ni pé owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, láti nǹkan bíi dọ́là 30 lórí àgbá kan sí bíi 10, ìjọba Babangida sì gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé. Nígbà tó di 26 oṣù kẹsàn-án 1986, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lu dọ́là ní gbàǹjo fún àwọn báńkì. Náírà tí kò tó méjì ló ń ra dọ́là kan tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ gbàǹjo àkọ́kọ́, ó lé ní mẹ́rin.

Bàbá mi kì í ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní tiwọn. Oṣù kẹwàá ni '86 tiwọn. Ní Thursday, ọjọ́ kẹrìndínlógún, wọ́n kéde pé Ṣóyínká gba Nobel, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á fún ìwé kíkọ, ọmọ tiwa níbí. Ní Sunday, bọ́ǹbù inú àpò ìwé pa Dele Giwa, akọ̀ròyìn, nílé ẹ̀ n'Íkẹjà. Alẹ́ Sunday yẹn kan náà, ọkọ̀ òfuurufú Samora Machel, Ààrẹ Mozambique, já ní South Africa. Ọjọ́ mélòó ló wà láàárín wọn? Ta ló tíì jó tán ní Aké, àdúgbò Ṣóyínká? Bàbá mi á ní ọdún ńlá ni, wọ́n á tún ní ọdún burúkú ni, wọ́n á sì bọ́ sórí ọwọ́ tí Maradona fi gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Ìyá ò dárúkọ ìkankan. Wọn ò sọ ti Ààrẹ Marcos tó sá kúrò ní Philippines, wọn ò sọ ti Chernobyl, ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì tó bú gbàmù. Èyí tó wọlé wá bá wọn nìkan ni wọ́n mú. Saudi ṣí epo sílẹ̀, owó epo já, náírà já, aró Ìtòkú wọ́n. Ó ń bí mi nínú, mi ò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí.

Àbí ìyá ń ṣàṣejù ni? Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó aṣọ funfun wá kí wọ́n tó bí àwọn fúnra wọn. Sódà yìí kan náà ni àwọn aláró Abẹ́òkúta tìtorí ẹ̀ bá Aláké fà á láàárín 1930 sí 1940. Owó òkè òkun ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé inú ìkòkò aró. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń jí láàárọ̀ béèrè pé èló ni... Rárá, ìyá jàre. Wọ́n jàre díẹ̀.

Èmi wá ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ oníbàárà mi ti Houston, l'Amẹ́ríkà, tí mo ń fi àdìrẹ ránṣẹ́ sí. Dọ́là ló fi ń sanwó. Nígbà tí náírà dojú bolẹ̀ ní 2023, tí gbogbo àdúgbò ń kérora, inú mi ń dùn ní kọ̀rọ̀. Iye tí mo ń ra aṣọ lọ́wọ́ àwọn ìyá yẹn kò sì fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Mo ń fún wọn lówó ọkọ̀ lórí ẹ̀ nígbà míì. Ẹ má wí nǹkan kan.

Houston ránṣẹ́ lálẹ́ yìí, ó ní ṣé iye tá a jọ sọ ò ní yí padà títí di oṣù Kejìlá. Mi ò tíì dá a lóhùn. Mo ti wo iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là báyìí, mi ò sì fẹ́ kọ ọ́ síbí.