Púráímà Tú Mi Fó

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ lálẹ́ àná ni pé òní ni màá fín ọ̀dà aláwọ̀ ewé sára Phantom mi, bàálù ogun oníke kékeré tí mo ń tò. Ilẹ̀ ti ṣú báyìí, òórùn tínà ló kún ọwọ́ mi, síbẹ̀ kò sí àwọ̀ ewé lára bàálù yìí bó ti wù kó kéré mọ. Pọ́tì tí à ń fi dí ihò àti àlàfo ló wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé F-4 Phantom II ni mo ń tò láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ní ìwọ̀n 1/32, ìyẹn ìdá kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n bàálù gidi. Bàálù gidi gùn ju mítà 19 lọ. Tèmi tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60. Lẹ́nu, kò jọ nǹkan kan. Ẹ gbé e sórí tábìlì ná. Láti ìgbà tí mo ti lẹ ìyẹ́ mọ́ ọn, orí itan ni mo ti ń gé nǹkan.

Kí n tó fín púráímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń ṣáájú àwọ̀ gangan, láàárọ̀, ara rẹ̀ ń dán lójú mi, mo tiẹ̀ ń yin ara mi. Ike tí a ò tíì kùn máa ń tanni jẹ: ìmọ́lẹ̀ a wọ inú rẹ̀ díẹ̀, àpá a sì fara pamọ́. Àmọ́ bí púráímà bá ti gbẹ, tí gbogbo ara bàálù di àwọ̀ kan ṣoṣo tí kò dán, àpá ò ríbi sá sí mọ́. Mo rí ojú ìsopọ̀ kan tó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá láti ibi ìjókòó dé ìdí ìrù, tín-ín-rín bí irun orí. Ìyẹn ò dùn mí. Èyí tó dùn mí wà lórí ìyẹ́ apá òsì: àtẹ̀ka àtàǹpàkò mi, odindi, gbogbo ìlà rẹ̀ pé, bíi ti ẹni tó tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn.

Mo mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Gúlúù olómi tí à ń lò kì í lẹ nǹkan bí àtè. Ṣe ló ń yọ́ ike kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè wọnú ara wọn, ó sì máa ń sáré tẹ̀lé àlàfo tóóró fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó sáré gba abẹ́ àtàǹpàkò mi níbi tí mo ti di ìyẹ́ mú. (Mo tún lọ nù ún. Ǹ bá fi í sílẹ̀ kó gbẹ, wàhálà rẹ̀ ì bá dín kù.)

Sáńpépà 400 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo bọ́ sí 800, mo fi 1500 parí (bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ló ń kúnná sí), inú omi ni gbogbo rẹ̀. Bí àtẹ̀ka ṣe ń parẹ́ ni àwọn ìlà tó ń fi ibi tí páànù ti pàdé páànù hàn náà ń bá a lọ. Mo lẹ téèpù tó nípọn kó máa tọ́ abẹ́rẹ́ sọ́nà, mo wá ń tún ìlà náà fà jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀mẹfà, lẹ́ẹ̀mẹjọ, láìtẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ á yà bàrá. Tèmi yà lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí pọ́tì ti wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n fa ìyẹ́ náà tu, kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ìyẹ́ Phantom gidi ni mo rántí. Kó tó kọ́kọ́ fò ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, 1958, àyẹ̀wò tí wọ́n fi atẹ́gùn ṣe ti fi hàn pé kò ní dúró ṣinṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yẹ kí ìyẹ́ rẹ̀ gbé sókè ní digírì 5. Titanium, irin líle kan, ni àárín ìyẹ́ náà, títún un yà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ni àwọn ẹnjiníà McDonnell, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, bá fi àárín sílẹ̀, wọ́n tẹ apá ìpẹ̀kun ìyẹ́ nìkan sókè ní digírì 12, ó sì dọ́gba pẹ̀lú pé gbogbo ìyẹ́ gbé sókè ní digírì 5. Àwọn kan ní ìyẹn ló sọ ọ́ di òbùrẹ́wà. Ojú wọn ló ń dùn wọ́n. Mo fi ìyẹ́ tèmi sílẹ̀ síbi tó wà.

Ìdí ẹ́ńjìnnì méjèèjì ni mo ń fojú sọ́nà fún jù. Irin lásán ni ibẹ̀ lára bàálù gidi, ooru á sì sọ ọ́ di búlúù níhìn-ín, àwọ̀ tábà lọ́hùn-ún. Dúdú tó ń dán ni màá kọ́kọ́ fín síbẹ̀ kí àwọ̀ irin tó gorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo tún púráímà fín nírọ̀lẹ́. Àtẹ̀ka ti lọ, ìlà ẹ̀yìn ti lọ, àfi ìwọ̀nba bí èékánná kan lẹ́yìn ìjókòó kejì. Dígí ẹni ẹ̀yìn yóò bò ó bí mo bá ṣí i sókè. Mo ti pinnu pé màá ṣí i sókè.