Ẹ má pa update kọ̀ǹpútà yín, ẹ yan ọjọ́ fún un

Tí ẹ bá ra láptọ́ọ̀pù tokunbo ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tà á ti pa Windows Update rẹ̀ kó tó gbé e lé yín lọ́wọ́. Yóò ní kí dátà yín má baà tán ni. Kò parọ́ nípa dátà. Ohun tí kò sọ ni pé ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, tí Microsoft tó ṣe Windows ti fi update dí fún gbogbo ayé, ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu lára ẹ̀rọ tiyín. Bí ẹlòmíràn bá sì wá tan update náà padà lẹ́yìn ọdún kan, ó lè jẹ́ ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìjagun pẹ̀lú fláàṣì lọ́wọ́ ni ẹ̀rọ náà yóò yàn láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ti pa á. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ services.msc, ẹ tẹ Enter. Ẹ wá Windows Update lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá rí Disabled níwájú Startup type, ẹ yí i sí Manual, ẹ tẹ Apply, kí ẹ tó tẹ Start. Manual yìí kò ní kí ẹ máa fọwọ́ tàn án lójoojúmọ́. Bí Windows fúnra rẹ̀ ṣe máa ń fi í sílẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ ló ń jí i. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tan ẹ̀rọ padà tí ẹ tún bá Disabled níbẹ̀, nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń pa á. Lọ́pọ̀ ìgbà, ètò tí wọ́n fi já Windows náà láìsanwó ni. Àtúnṣe ìyẹn kò ju kí ẹ kó fáìlì yín jáde, kí ẹ nu ẹ̀rọ náà mọ́, kí ẹ fi Windows tó ní àṣẹ sí i. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn létí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni Microsoft máa ń gbé update ààbò jáde, aago mẹ́wàá àárọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Lọ́dọ̀ tiwa, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nìyẹn, tàbí méje nígbà òtútù tí wọ́n bá ti yí aago wọn padà. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun kò gbọ́dọ̀ gbà á lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá. Tí ẹ̀gún bá wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn tó ṣáájú ló máa gún, ẹ ó sì ti gbọ́ kó tó kàn yín. Ní Settings, lábẹ́ Windows Update, ẹ ó rí Pause updates. Ẹ lè dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ kan títí dé márùn-ún. Tí àkókò yẹn bá pé, dandan ni kó gba èyí tó wà nílẹ̀ kó tó tún gbà kí ẹ dá a dúró.

Àwọn tó ń tẹ ìwé ètò fún ẹgbẹ́ régbérégbé, àti àwọn ayàwòrán, ìgbà tó yẹ kí wọ́n lo Pause jù lọ ni ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni ayẹyẹ náà, ẹ kúkú mọ ọjọ́ rẹ̀ ṣáájú. Ẹ gba update tó wà nílẹ̀ tán, ẹ tan ẹ̀rọ padà, ẹ tẹ ìwé kan wò bóyá printer ṣì ń dáhùn, kí ẹ tó tẹ Pause.

Ní ti dátà, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀: update oṣooṣù Windows 10 àti 11 máa ń kó ti ẹ̀yìn mọ́ra. Tí ẹ bá pa oṣù mẹ́ta jẹ, ẹ kò ní gba mẹ́ta. Èyí tó dé kẹ́yìn nìkan ti tó. Ó lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún mẹ́gábáìtì mélòó kan, ó sì lè ju gígábáìtì kan lọ. Tó bá jẹ́ hotspot fóònù ni ẹ ń lò, Windows lè má mọ̀ pé dátà olówó ni, yóò sì máa mu ún bí ẹni mu omi. Ẹ lọ sí Settings, Network & internet, Wi-Fi, ẹ tẹ orúkọ hotspot náà, kí ẹ tan Metered connection. Láti ìgbà náà lọ, kò ní fa update ńlá láìgba àṣẹ yín. Ẹ óò pa á nígbà tí ẹ bá ra dátà òru.

Ṣọ́ọ̀bù tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́rin sí márùn-ún lórí Wi-Fi kan náà kò gbọ́dọ̀ gba ohun kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún. Nínú Windows Update, ẹ wọ Advanced options, Delivery Optimization, ẹ tan Allow downloads from other PCs, ṣùgbọ́n Devices on my local network ni kí ẹ mú. Ẹ̀rọ kan á gbà á, àwọn yòókù á mú lára rẹ̀. Ẹ má mú èyí tó fi íntánẹ́ẹ̀tì kún un, nítorí dátà yín ni ẹ ó máa fi gbé update ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. A kò ṣe irú sàárà yẹn ní Ìjẹ̀bú.

Iná ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń bàjẹ́. Ìpele méjì ni update ní. Nígbà tó bá ń gba fáìlì wálé, tí ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ yín lọ, NEPA lè mú iná lọ bó ṣe wù wọ́n. Yóò bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí. Lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ Restart, tí ẹ wá ń rí Working on updates àti ìdá ọgọ́rùn-ún tó ń gòkè, fáìlì tó gbé Windows dúró gan-an ló ń pààrọ̀. Bí iná bá lọ lásìkò yẹn, ẹ̀rọ náà lè wà láàárín èyí tó ti yọ àti èyí tí kò tíì fi sí i. Nítorí náà, láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kò lè gbé ìṣẹ́jú ogójì dúró, bí ẹ ti ń ṣe kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni kí ẹ ṣe é: ẹ gbé e sórí inverter tàbí UPS, tàbí kí ẹ tan jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó tẹ Restart. Ẹ wo epo inú rẹ̀ pẹ̀lú.

Bí iná bá lọ bẹ́ẹ̀ náà, tó sì padà dé, ẹ ó rí Undoing changes made to your computer. Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun. Lórí hard disk àtijọ́, ó lè ju wákàtí kan lọ. Ẹ wo iná kékeré tó máa ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ nígbà tí disk bá ń ṣiṣẹ́. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ń lọ. Ẹ lọ rẹ gàrí. Àfi tí iná náà bá dúró gbagidi, tí nǹkan kan kò sì yí padà fún bíi wákàtí mẹ́ta, ni kí ẹ tó di bọ́tìnì iná mú fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá.

Bí update bá kọ̀, yóò fún yín ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x. Ẹ fi fóònù ya á. Nọ́ńbà yẹn ló máa sọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí tokunbo máa ń mú wá jù ni 0x80072f8f. Aago ló fà á. Tí bátìrì tó ń tọ́jú aago bá ti kú, ẹ̀rọ náà yóò máa jí sínú ọdún tó ti kọjá ní gbogbo ìgbà tí iná bá kúrò lára rẹ̀, ìwé ẹ̀rí tí sẹ́wà Microsoft bá sì fi hàn án kò ní bá ọjọ́ tiẹ̀ mu, yóò kọ̀ ọ́. Àmì rẹ̀ kejì ni pé ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì púpọ̀ yóò máa sọ pé ààbò kò sí. Ẹ wo time zone náà: ẹ̀rọ tó ti òkè òkun wá sábà máa ń wà lórí aago ibẹ̀, ẹni tó tà á á sì kàn yí wákàtí rẹ̀ kó lè bá tiwa mu lójú. Ẹ yí i sí (UTC+01:00) West Central Africa, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ Sync now.

Bátìrì yẹn, CR2032 ni ó sábà máa ń jẹ́, pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, 3 volt. Tí mítà bá kà á tí kò tó 2.8, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ara bọ́ọ̀dù ló máa ń wà lára kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Nínú láptọ́ọ̀pù, wọ́n sábà máa ń fi rọ́bà dì í pẹ̀lú wáyà pupa àti dúdú, èyí tí ẹ óò rà sì gbọ́dọ̀ ní orí wáyà kan náà. Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ wọ BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó wọlé, ẹ ya gbogbo ojú ewé ibẹ̀ ní fọ́tò, pàápàá ibi tó kọ SATA mode, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà bá disk sọ̀rọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé yíyọ bátìrì lè dá BIOS padà sí bó ṣe ti ilé iṣẹ́ jáde. Tí RAID tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ bá di AHCI, tàbí tí AHCI di RAID, Windows kò ní rí disk tó wà lórí rẹ̀ mọ́, yóò kọ INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE. Ọ̀pọ̀ Windows tí wọ́n sọ pé ó ti bàjẹ́, tí wọ́n sì fọ́mátì, kò ṣe nǹkan kan. SATA mode ló yí padà.

0x80070070 ni pé drive C ti kún. Update oṣooṣù lè rí àyè láàárín gígábáìtì mẹ́wàá, ṣùgbọ́n èyí tó ń gbé Windows láti ẹ̀dà kan sí òmíràn máa ń fẹ́ bíi ogún. Ẹ wá Disk Cleanup, ẹ tẹ Clean up system files, ẹ mú Windows Update Cleanup. Tí ẹ kì í lo hibernate, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ kọ powercfg /h off. Fáìlì tó lè tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún RAM yín á kúrò lójú ẹsẹ̀. 0x80072ee2 ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Ẹ dúró de òru.

Tó bá jẹ́ 0x80073712, tàbí tí update kan náà ń dé ibì kan tó sì ń padà sẹ́yìn, ohun tó wà nínú ìṣúra update ló ti dàrú. Nínú Command Prompt ti administrator, ẹ kọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan:

net stop wuauserv
net stop bits
net stop cryptsvc
ren C:\Windows\SoftwareDistribution SoftwareDistribution.old
ren C:\Windows\System32\catroot2 catroot2.old
net start cryptsvc
net start bits
net start wuauserv

Tí ren bá sọ pé Access is denied, ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí ẹ dá dúró ti jí padà. Ẹ tún dá a dúró, kí ẹ yára kọ ren náà. Ìtàn update inú Settings yóò di òfìfo, kò séwu. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ méjì tó ń tún fáìlì Windows ṣe:

DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth
sfc /scannow

DISM ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí inú ibi tí DISM bá tún ṣe ni sfc ti ń mú fáìlì tó dára. Ó lè dúró sí nǹkan bí 62% fún ìgbà pípẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ló ń lò, nítorí náà tó bá kọ 0x800f081f, kò rí ibi tí yóò ti mú fáìlì ni. Nínú Windows 11, ọ̀nà tó rọrùn jù nígbà yẹn wà ní Settings, System, Recovery: Fix problems using Windows Update. Yóò tún Windows fi sí i láìpa fáìlì àti ètò yín rẹ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ gígábáìtì mélòó kan.

Tí ẹ̀rọ kò bá tilẹ̀ wọlé mọ́ lẹ́yìn update, ẹ pa á lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra nígbà tó bá ń gbìyànjú láti wọlé. Ìgbà tó tẹ̀lé e, yóò ṣí ibi àtúnṣe: Troubleshoot, Advanced options, Uninstall Updates, Uninstall latest quality update. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀dà Windows tuntun ni ẹ gbé lọ sí, feature update ni kí ẹ mú, ọjọ́ mẹ́wàá péré ni ẹ sì ní fún un, nítorí lẹ́yìn ìyẹn Windows á ti nu ti àtijọ́.

Ibẹ̀ yẹn náà ló ti lè béèrè nọ́ńbà BitLocker, ètò Windows tó ń ti disk pa, dígíìtì 48. Ẹ má dúró dìgbà náà. Nínú Command Prompt ti administrator, ẹ kọ manage-bde -status C: lónìí. Tí ẹ bá rí Protection On, ẹ kọ manage-bde -protectors -get C:, kí ẹ da nọ́ńbà tó bá fi hàn kọ sínú ìwé, kì í ṣe sínú kọ̀ǹpútà kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ra tokunbo ju ẹnikẹ́ni lọ: nọ́ńbà náà lè wà nínú àkáǹtì Microsoft ẹni tó kọ́kọ́ lò ó tàbí ẹni tó tà á, ta ni ẹ ó sì pè?

Windows 10 ńkọ́? Update ọ̀fẹ́ rẹ̀ parí ní 14 oṣù Kẹwàá 2025. Ètò ESU (Extended Security Updates, àfikún update ààbò) fún ẹ̀rọ ilé gbé e dé 13 oṣù Kẹwàá 2026, tí ẹ bá wà lórí ẹ̀dà 22H2 tí ẹ sì fi àkáǹtì Microsoft wọlé. Inú Windows Update ni ẹ ti lè forúkọ sílẹ̀. Láti bọ́ sí Windows 11, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní TPM 2.0 (ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò rẹ̀ sí), Secure Boot (tí kì í jẹ́ kí ètò àjèjì jí ẹ̀rọ), RAM gígábáìtì mẹ́rin, àyè gígábáìtì 64 lórí disk, àti Intel ìran kẹjọ sókè tàbí AMD tó bá a mu. Ẹ tẹ Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ tpm.msc, ẹ wo Specification Version. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra ẹ̀rọ ni, ẹ ṣe ìyẹn lórí tábìlì ẹni tó ń tà á kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.